Ohun Tí Ọ̀rá Ara Ń Sọ fún Eegun

Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn ìyá ọlọ́jà àti àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì, ní Òkè-Fìà, Òṣogbo

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ọmọ Òròkí tó jókòó síbí, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ ṣeun tí ẹ fi ọjà sílẹ̀, tí ẹ fi ìsinmi sílẹ̀, tí ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ eegun.

Bí ẹni tó ti rù tẹ́lẹ̀ bá tún kún padà, ohun tí a máa ń sọ ni pé ara rẹ̀ ti yá. Bí ọmọ bá sanra, ìyá rẹ̀ ní ń gba oríyìn. Èrò yìí ti wọ̀ wá lára débi pé bí wọ́n bá ní eegun ẹnì kan ti fẹ́lẹ́, àgbàlagbà tó gbẹ, tó tín-ín-rín, ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. A kì í rò ó pé ìyá tó kún, tí ọrùn rẹ̀ gún, tí apá rẹ̀ tóbi, lè ní eegun tí kò lágbára. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí ni pé ó lè rí bẹ́ẹ̀, àti pé ọ̀rá tí à ń wò yẹn ní ọwọ́ nínú rẹ̀, fún ire àti fún ibi. Ọ̀rá kì í ṣe ẹrù tí ara kàn dì pamọ́. Ó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru. Ó ń tú hòmóònù sínú ẹ̀jẹ̀, eegun sì wà lára àwọn tó ń gbọ́ ohun tó ń wí.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ́ àwọn ọmọ tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́. N kò ní fi èdè ilé-ìwé dà yín láàmú, ṣùgbọ́n àwọn orúkọ kan wà tí n kò ní lè yẹ̀ sílẹ̀. Ẹ bá mi fara dà á.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi eegun hàn yín. Èyí tó wà lórí tábìlì yìí, itan màlúù ni. Alápatà kan ní Ọjà Ọba ló bá mi fi ayùn là á ní gbọọrọ láàárọ̀ yìí. Ẹ gbé e yí ká, ẹ fọwọ́ kàn án. Ara rẹ̀ lóde le, ó dán. Ẹ wá wo orí rẹ̀ níbi tó ti wọ ìbàdí: ihò wẹ́wẹ́ ló kún ibẹ̀, eegun tín-ín-rín tín-ín-rín ló gbé ara wọn ró. Irú ibí yìí ni eegun ti máa ń kọ́kọ́ sọnù lára ènìyàn, nítorí náà ló fi jẹ́ pé ìbàdí, ọ̀pá ẹ̀yìn àti ọrùn ọwọ́ ló sábà máa ń kán tí àgbà bá ṣubú. Ẹ wá wo àárín rẹ̀. Mùdùnmúdùn nìyẹn, èyí tí ẹ máa ń fà mu nínú ọbẹ̀. Ó pọ́n rúsúrúsú, ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kàn án ti mọ ohun tó jẹ́: ọ̀rá ni. Ọ̀rá wà nínú eegun fúnra rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, n ó padà sórí rẹ̀.

Eegun màlúù yìí ti kú. Tiwa wà láàyè. Oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjì ló ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀: àwọn kan ń jẹ eegun tó ti gbó, àwọn kan ń kọ́ tuntun sí ojú ibi tí wọ́n ti jẹ ẹ́. Láàárín nǹkan bí ọdún 10, púpọ̀ nínú eegun àgbàlagbà ni wọ́n á ti tún kọ́. Láti ìgbà èwe títí di nǹkan bí ọmọ ọgbọ̀n ọdún, àwọn tó ń kọ́ ló ń borí. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn tó ń jẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lé wọn bá díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n á sì ṣíwájú wọn. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: kí ni ọ̀rá ń sọ fún àwọn tó ń kọ́, kí ló sì ń sọ fún àwọn tó ń jẹ?

Àwọn baba ńlá wa máa ń pàrokò. Wọ́n á so owó ẹyọ àti ìyẹ́ mọ́ okùn, wọ́n á fi rán ìránṣẹ́. Bí ó bá dé ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n kà, ẹni yẹn á mọ̀ pé wọ́n ní kí òun máa bọ̀ ni tàbí wọ́n ní kí òun jìnnà. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kà, owó ẹyọ lásán ni yóò rí. Bí hòmóònù ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ ń gbé e kọjá ní iwájú gbogbo ẹ̀yà ara, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì tó bá ní ohun tí ó fi ń kà á nìkan ló máa jẹ́ iṣẹ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi ire bẹ̀rẹ̀. Estrogen ni hòmóònù tó ń dáàbò bo eegun obìnrin jù. Òun ló ń dá ọwọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ eegun dúró. Nígbà tí obìnrin ṣì ń rí nǹkan oṣù rẹ̀, ilé ẹyin rẹ̀ ló ń pèsè púpọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí nǹkan oṣù bá ti dúró pátápátá, orísun yẹn gbẹ, eegun sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù kíákíá ní àwọn ọdún àkọ́kọ́. Ibo ni estrogen díẹ̀ tó kù ti wá ń jáde? Inú ọ̀rá ni. Èròjà kan wà nínú ọ̀rá tí à ń pè ní aromatase. Ó ń gba hòmóònù akọ tó ń wá láti ara ẹ̀yà kékeré tó jókòó sórí kíndìnrín, ó sì ń sọ ọ́ di estrogen. Ìdí rèé tí ìyá ẹni ọgọ́ta ọdún tó ní ọ̀rá lára fi máa ń ní estrogen ju ẹgbẹ́ rẹ̀ tó gbẹ lọ. Ẹ tún fi kún un pé eegun máa ń le sí i bí ẹrù bá ń tẹ̀ ẹ́, ẹni tó wúwo sì ń ru ara rẹ̀ kiri ní gbogbo ọjọ́. Nítorí ohun méjì yìí, ó pẹ́ tí àwọn dókítà ti gbà pé ọ̀rá kì í ṣe eegun ní ibi. Wọn kò parọ́. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ obìnrin nìkan ni estrogen. Ní ọdún 1994, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa ọkùnrin kan, ẹni ọdún 28, tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 204, tó sì ṣì ń ga sí i. Estrogen wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, àmọ́ wọ́n bí i láìní ohun tí sẹ́ẹ̀lì fi ń kà á. Àrokò ń dé, kò sí ẹni tó lè túmọ̀ rẹ̀. Eegun rẹ̀ kò dẹ́kun gígùn, ó sì ti fẹ́lẹ́ bíi ti arúgbó. Ọkùnrin yẹn ló jẹ́ kí ayé mọ̀ dájú pé estrogen ni eegun ọkùnrin náà gbójú lé, inú ọ̀rá ara ọkùnrin sì ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń jáde.

Ó ku ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn jù. Ní ọdún 1949, ní Jackson Laboratory ní ìlú Bar Harbor ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí àwọn eku kan tí wọn kò yé jẹun. Wọ́n jẹ, wọ́n sanra, wọn kò lè rìn dáadáa mọ́. Ó di ọdún 1994 kí Jeffrey Friedman àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Rockefeller University, ní New York, tó rí ohun tó ṣe wọ́n: hòmóònù kan tó yẹ kí ọ̀rá wọn máa pèsè ni kò sí. Leptin ni wọ́n sọ ọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa sọ fún ọpọlọ pé oúnjẹ wà nílẹ̀, ebi kò ní pa wá. Ní ọdún 1997, ní Cambridge, wọ́n rí ọmọbìnrin kan, ẹni ọdún 8, tó wọn kílò 86, tí irú àìsí leptin bẹ́ẹ̀ ń bá jà. Ọmọ yẹn kì í ṣe ọ̀jẹun, wọn kò kọ́ ọ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́. Ebi ń pa á ní tòótọ́, torí ọpọlọ rẹ̀ kò gbọ́ rí pé ó ti yó. Nígbà tí wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ leptin, ebi náà rọlẹ̀, ó sì ń jò. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń fi ọmọ tó sanra ṣe yẹ̀yẹ́ gbọ́ èyí.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó sanra láàárín wa kò dà bí ọmọ yẹn o. Leptin kún inú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àrokò kan náà ti dé ọ̀dọ̀ ọpọlọ léraléra, ọpọlọ kò kà á sí mọ́.

Kí wá ni ti eegun nínú èyí? Ní ọdún 2000, àwọn onímọ̀ kan, Gérard Karsenty, Patricia Ducy àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wo eegun àwọn eku tí kò ní leptin. Ẹnu yà wọ́n. Eegun wọn pọ̀ ju ti eku yòókù lọ, bẹ́ẹ̀ hòmóònù ìbímọ àwọn eku náà kò tó nǹkan, ó sì yẹ kí eegun wọn fẹ́lẹ́ ni. Wọ́n fi leptin díẹ̀ sí wọn ní ọpọlọ, eegun náà dín kù. Ní ọdún 2002, wọ́n rí ọ̀nà tó gbà: leptin ń sọ̀rọ̀ sí ọpọlọ, ọpọlọ ń gba ara àwọn iṣan ìmọ̀lára kan náà tó máa ń mú kí àyà wa yára lù nígbà tí ẹ̀rù bá bà wá, iṣan náà sì ń sọ fún àwọn tó ń kọ́ eegun pé kí wọ́n rọra. Nígbà tí wọ́n fún àwọn eku ní propranolol, oògùn tó ń dí ojú ọ̀nà yẹn, eegun pọ̀ sí i. Mo mọ̀ pé àwọn kan níbí ń lo oògùn yẹn fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ máa lò ó bí dókítà yín ṣe ní kí ẹ lò ó. Ẹni tí kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ lọ rà á nítorí eegun.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Bí leptin bá kan sẹ́ẹ̀lì tó ń kọ́ eegun fúnra rẹ̀, láìgba ọ̀dọ̀ ọpọlọ, ṣe ló ń ràn án lọ́wọ́. Àwọn eku tí kò ní leptin yẹn, eegun ẹ̀yìn wọn pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ eegun itan wọn kúrú. Leptin kan ṣoṣo, ọ̀nà méjì, èsì méjì tí kò jọra. Àwọn kan ń fẹ́ kí n sọ bóyá ọ̀rẹ́ eegun ni tàbí ọ̀tá. Lójú tèmi, ìbéèrè yẹn kò tọ̀nà. Bí ó ṣe pọ̀ tó, ibi tó gbà, àti ipò tí ara wà ni kí ẹ béèrè.

Ẹ wo apá kejì rẹ̀, ìyẹn ẹni tó rù jù. Ọmọbìnrin tó ń febi pa ara rẹ̀ kí ó lè tín-ín-rín, tàbí tó ń sáré ìdíje tí oúnjẹ rẹ̀ kò tó agbára tó ń lò, ọ̀rá rẹ̀ á kéré, leptin rẹ̀ á sì kéré. Ọpọlọ á ní, "Ebi wà nílùú, kò sí ààyè oyún," á sì dá nǹkan oṣù dúró. Estrogen á lọ sílẹ̀, eegun á máa sọnù, ní ọjọ́ orí tó yẹ kí ó máa kó eegun jọ dè ọjọ́ ogbó. Ní ọdún 2004, wọ́n tẹ ìwádìí kékeré kan jáde lórí obìnrin 8 tí nǹkan oṣù wọn ti dúró bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n fún wọn ní leptin, ẹyin padà ń jáde lára àwọn kan nínú wọn, àwọn àmì pé ara ń kọ́ eegun tuntun sì pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, bí ọmọbìnrin yín tó ti bàlágà bá ń rù, tí nǹkan oṣù rẹ̀ sì dúró fún oṣù mẹ́ta, tí ẹ sì mọ̀ dájú pé oyún kọ́, ẹ má sọ pé ìsinmi ni. Ẹ mú un lọ rí dókítà. Eegun rẹ̀ ń lọ.

Hòmóònù ọ̀rá mìíràn ni adiponectin. Èyí yàtọ̀ sí leptin, torí bí ọ̀rá bá ṣe ń pọ̀ sí i ni òun ń dín kù. Gbogbo dókítà ìtọ̀ ṣúgà ló fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ó ń jẹ́ kí insulin, hòmóònù tó ń dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù, ṣiṣẹ́ dáadáa. Síbẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí lórí ènìyàn, àwọn tí tiwọn pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ni eegun wọn ń kéré. Ohun tó wúlò fún ẹ̀yà ara kan kò di dandan kó wúlò fún èkejì.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ ikùn, torí níbí ni ewu wà jù. Kì í ṣe gbogbo ọ̀rá ló ń sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà. Èyí tó wà lábẹ́ awọ, ní ìdí àti ní itan, kì í fa wàhálà púpọ̀. Èyí tó dì mọ́ ìfun àti ẹ̀dọ̀ nínú ikùn ni oníwàhálà. Bí ó bá pọ̀ jù, àwọn sẹ́ẹ̀lì ajàfúnra inú ẹ̀jẹ̀ á ya wọ inú rẹ̀ bí ẹni pé ọgbẹ́ wà níbẹ̀, ọ̀rá náà àti àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn á sì jọ máa tú èròjà bíi TNF-alpha àti interleukin-6 sínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn èròjà yìí ló ń pe àwọn tó ń jẹ eegun pé kí wọ́n máa bọ̀, iṣẹ́ ti dé. Kò ní dun ènìyàn. Kò ní wú. Ọdún á máa gorí ọdún, eegun á máa lọ.

Ẹ lè mọ ibi tí ẹ wà lónìí. Ìyá aránṣọ kan ti yá wa ní téèpù rẹ̀, ó wà lọ́wọ́ mi. Ẹ má fi wọn orí ìró o, ẹ fi kan ara. Ẹ wá ibi tí egungun ìhà parí sí, ẹ wá orí eegun ìbàdí, kí téèpù gba àárín àwọn méjèèjì. Ẹ mí síta, ẹ má fa ikùn wọlé, ẹ kà á. Fún obìnrin, bí ó bá ti kọjá sẹ̀ǹtímítà 80, ọ̀rá inú ti ń pọ̀ jù. Fún ọkùnrin, sẹ̀ǹtímítà 94. Mo rí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ tí wọ́n ń fi téèpù náà fún ẹlòmíràn. Ẹ wọ̀n ọ́n, kò sí ẹni tí yóò bi yín ní iye tó jẹ́.

Mo ní n ó padà sórí mùdùnmúdùn. Nínú mùdùnmúdùn, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí wọn kò tíì yan iṣẹ́. Wọ́n lè di sẹ́ẹ̀lì tó ń kọ́ eegun, wọ́n sì lè di sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá. Èyí tó bá ti di ọ̀rá kò lè kọ́ eegun mọ́. Bí a ṣe ń dàgbà, púpọ̀ wọn ń yan ọ̀rá, ìdí nìyẹn tí mùdùnmúdùn ọmọdé fi pupa, tí ti àgbà fi rúsúrúsú bí èyí tí ẹ fọwọ́ kàn lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu ni pé ẹni tí ebi ti sọ di eegun lásán, tí ọ̀rá ti tán lára rẹ̀ lóde, ọ̀rá inú mùdùnmúdùn rẹ̀ ṣe ni ó ń pọ̀ sí i. Oògùn pẹ̀lú lè ti àwọn sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì yan iṣẹ́ yẹn sí ìhà ọ̀rá. Oògùn ìtọ̀ ṣúgà kan wà tó ń jẹ́ rosiglitazone. Ní ọdún 2006, ìwádìí ńlá kan fi hàn pé àwọn obìnrin tó ń lò ó ń ṣẹ́ eegun ju àwọn tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà mìíràn lọ. Pioglitazone jẹ́ ẹbí rẹ̀. Bí ó bá wà lára oògùn yín, tí ẹ sì ti dàgbà, ẹ bi dókítà yín nípa eegun. Ẹ má dá a dúró fúnra yín.

Eegun kò sì kàn jókòó gbọ́ nìkan. Òun náà ń fèsì. Ní ọdún 2007, àwọn ẹgbẹ́ Karsenty, tí wọ́n ti wà ní Columbia University nígbà yẹn, fi hàn nínú eku pé osteocalcin, tí sẹ́ẹ̀lì tó ń kọ́ eegun ń pèsè, ń mú kí ara tú insulin jáde sí i, ó sì ń mú kí ọ̀rá tú adiponectin. Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ mìíràn tún rí hòmóònù eegun mìíràn, lipocalin 2, tó ń dín ebi kù nínú eku. Ṣé ẹ rí i pé ọ̀rá àti eegun jọ ń gbèrò lórí oúnjẹ ni?

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí yìí, kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó sanra láwùjọ? Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2011 tẹ̀lé obìnrin tó ju 60,000 lọ, ẹni ọdún 55 sókè, ní orílẹ̀-èdè 10. Àwọn tó sanra jù ń ṣẹ́ eegun bíi ti àwọn tí kò sanra. Ibi tó ń ṣẹ́ ló yàtọ̀: tiwọn máa ń jẹ́ ọrùn ẹsẹ̀ àti eegun itan, ọrùn ọwọ́ wọn kì í sì í sábà kán. Àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà irú kejì, èyí tó ń tẹ̀lé ọ̀rá ikùn, ṣe ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn eegun máa ń sọ pé eegun wọn pọ̀ dáadáa, síbẹ̀ ó ń kán ju ti ẹlòmíràn lọ. Ó pọ̀, àmọ́ kò lágbára. Ẹ sì rántí pé ẹni kílò 100 tó bá ṣubú, kílò 100 ló wó lu eegun yẹn.

Èyí kò wá sọ pé kí ẹ lọ máa mu tíì ìfọ́kùn tí wọ́n ń tà káàkiri. Ẹni tó bá jò kíákíá ń pàdánù eegun pẹ̀lú ọ̀rá. Leptin já wálẹ̀, estrogen dín kù, ẹrù tó ń tẹ eegun fúyẹ́, eegun sì tẹ̀lé wọn lọ. Ohun tó ń dá a dúró ni iṣẹ́ agbára. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2017, àwọn àgbà tó lé ní ọdún 65 tó sanra jọ ń dín oúnjẹ kù fún oṣù mẹ́fà. Àwọn tó fi ìrìn àti irú eré bẹ́ẹ̀ nìkan kún un pàdánù bí ìdá 3 nínú 100 eegun ìbàdí wọn. Àwọn tó ń gbé ohun tó wúwo kò pàdánù ju bí ìdá 1 lọ. Nítorí náà ìrìn láti Ọ̀làìyá dé Òkè-Fìà dára púpọ̀, mo gbóríyìn fún ẹni tó ń rìn ín, àmọ́ kò tó. Ẹ jókòó sórí àga, ẹ dìde láìfọwọ́ ti ohunkóhun, ẹ tún jókòó, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ẹ di ògiri mú, ẹ gbé gìgísẹ̀ sókè, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ gbé ike omi tó kún lọ́wọ́ méjèèjì. Ẹ jó. Ijó tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ gidi, eegun máa ń gbọ́ ọ.

Ní ti oúnjẹ, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Kálísíọ̀mù wà nínú wàrà tí àwọn Fúlàní ń tà, nínú ẹja wẹ́wẹ́ tí à ń rún pẹ̀lú eegun rẹ̀, nínú edé, ewédú àti yànmọ̀tí. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Jos, tó jáde ní ọdún 1999, fi hàn pé àwọn ọmọ wa tí ẹsẹ̀ wọn wọ́, kálísíọ̀mù ni wọ́n ṣaláìní ju fítámìn D lọ. Àwọn tó sanra ní tiwọn, fítámìn D máa ń wọ inú ọ̀rá wọn, kì í pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, wọ́n béèrè ìbéèrè, mo sì kọ méjì tó gbámúṣé síbí.

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní, "Dókítà, èmi tín-ín-rín láti kékeré, bàbá mi náà tín-ín-rín, ó dàgbà ju ọgọ́rin lọ kó tó kú, eegun rẹ̀ kò ṣẹ́ rí. Ṣé kí n wá lọ sanra ni?" Mo ní rárá, bàbá. Ẹni tó tín-ín-rín láti ìbí, tó ń jẹun, tí iṣan rẹ̀ le, tó ń ṣiṣẹ́, ti mọ̀ bí yóò ṣe gbé eegun rẹ̀. Ẹni tó ń rù lójijì lọ́jọ́ ogbó, tí ṣòkòtò rẹ̀ ń yọ́ bọ́, ni ọ̀rọ̀ kàn. Bí ẹ bá ti ń pàdánù kílò láìjẹ́ pé ẹ gbìyànjú, ẹ má dúró kí ó tún oṣù mìíràn ṣe.

Ìyá kan tó ń ta aṣọ àdìrẹ dìde, ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa. Ó ní ọmọ òun obìnrin, ẹni ọdún 22, ń ra dexamethasone nílé ìtajà oògùn kí ó lè sanra, ó ti lé ní oṣù mẹ́jọ, ojú rẹ̀ ti kún rọ̀bọ̀tọ̀, gbogbo ènìyàn sì ń sọ pé ó ti rẹwà sí i. Mo ní kí ìyá náà jókòó, kí gbogbo gbọ̀ngàn sì gbọ́ ìdáhùn mi. Oògùn yẹn dà bí hòmóònù kan tí ẹ̀yà kékeré orí kíndìnrín ń pèsè. Ó ń kó ọ̀rá jọ sí ojú, sí ẹ̀yìn ọrùn, sí ikùn, ó sì ń jẹ iṣan apá àti ẹsẹ̀. Ó ń dá àwọn tó ń kọ́ eegun dúró, ó ń dí kálísíọ̀mù lọ́wọ́ láti wọ ara nínú ìfun, ó sì lè pa orí eegun itan, tí ọ̀dọ́ á máa tiro. Ọ̀rá tí wọ́n ń yìn lójú rẹ̀ yẹn, eegun rẹ̀ ló ń san owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, ìyá: ẹ má lọ gba oògùn náà dànù lálẹ́ òní. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, ara rẹ̀ ti gbàgbé bí yóò ṣe pèsè tirẹ̀. Bí ó bá dúró lójijì, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀, ó sì lè dákú. Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà yóò máa dín in kù fún un. Ẹ mú un lọ sí ilé-ìwòsàn lọ́la, kí ẹ mú páálí oògùn náà dání, ẹ sì sọ iye tó ń lò lójúmọ́ fún wọn láìbò ó.